Táyà Rírọ̀ fún Eegun Ìyá Wa

Lọ́dọ̀ tiwa nínú iyanrìn, ẹni tí kò mọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dàgbà, ì báà ti ní ọmọ-ọmọ. Bí o bá fẹ́ wọlé, wàá dúró létí iyanrìn, wàá tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ títí wọn yóò fi rọ̀, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ kó má baà rì. Bí o bá sì ń jáde sórí títì ọlọ́dà, wàá tún dúró, wàá fẹ́ ẹ le padà, torí pé táyà rírọ̀ tó ń sáré lórí ọ̀dà á gbóná títí á fi bẹ́. Ìyá wa, Rayya, ló kọ́ wa. Wọn kì í lo géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́. Wọ́n á fi gìgísẹ̀ ta táyà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Ogún nìyẹn. Tú u sí i." Wọ́n wà lára àwọn obìnrin Wahiba, ẹ̀yà tiwa ní aṣálẹ̀, tó kọ́kọ́ wa píkọ́ọ̀pù, tàwọn ti ìbòjú lójú, ràkúnmí á kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ bí ìyàwó tuntun. Bí àwọn ará ìlú ńlá Muscat bá gbé táyà líle wá kó sínú iyanrìn, ìyá wa ló máa ń lọ fà wọ́n jáde, wọ́n á sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

Nígbà tí jẹjẹrẹ wọ inú eegun wọn, dókítà ní ìlú Ibra sọ fún wa pé kò sí ohun tó kù ju òògùn ìrora lọ. Ìyá wa gbọ́ ọ, wọn ò sunkún. Wọ́n ní ká gbé àwọn lọ sílé, àwọn ò fẹ́ kú síbi tí wọ́n ti ń fi òògùn fọlẹ̀. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ilé tí wọ́n ń wí kì í ṣe ilé símẹ́ǹtì tí ìjọba kọ́ fún wa létí ìlú o. Ilé imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lábẹ́ igi gáàfù nínú iyanrìn lọ́hùn-ún ni, níbi tí wọ́n bí gbogbo wa sí. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò lè débẹ̀. Nítorí náà, àbúrò mi Sulayyim gbé píkọ́ọ̀pù wá láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Sulayyim ni àbíkẹ́yìn. Ọmọ tó máa ń sunkún bí a bá fẹ́ pa ewúrẹ́ ni, ó sì ti di bàbá ọlọ́mọ kí ìwà náà tó dínkù. Ó tẹ́ tìmùtìmù sórí àga ẹ̀yìn, ó rọ omi kún dúrọ́ọ̀mù ńlá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fi ọkọ̀ òfìfo wọ iyanrìn. A gbé ìyá wa sórí tìmùtìmù náà, mo jókòó tì wọ́n, mo gbé orí wọn lé itan mi.

Gegele kan tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù wà lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Bí ọkọ̀ ṣe gun orí rẹ̀, ìyá wa ké. Mo ti gbọ́ igbe obìnrin tó ń rọbí, mo ti gbọ́ igbe ọkùnrin tí ràkúnmí tẹ̀ mọ́lẹ̀, n ò gbọ́ irú èyí rí. Sulayyim dá ọkọ̀ dúró, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń dún ṣìì, ó dákẹ́, ó tún dún níbòmíràn. Kò sí ẹni tó dàgbà nínú iyanrìn tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe.

"Sulayyim, títì nìyí o, kì í ṣe iyanrìn," mo wí fún un nígbà tó wọlé.

"Mo mọ̀. Màá rọra wà á."

"Omi tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Ṣé omi náà á rọra wúwo ni?"

Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò gbọ́ igbe wọn ni?"

Mo gbọ́ ọ. Mo pa ẹnu mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi kì í pa mọ́ bọ̀rọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Nígbà tí a gun gegele kejì, ọkọ̀ kàn mì jẹ́jẹ́ ni. Ìyá wa mí kanlẹ̀, ojú wọn sì rọlẹ̀ bí ìgbà tí ara wọn ṣì le. Mo ní Ọlọ́run á kó wa yọ.

Ó kọ́kọ́ rọra wà á lóòótọ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè sí wa, wọ́n ń kọjá lára wa. Oòrùn ti le, ọ̀dà ń dán bí omi níwájú. Ìyá wa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Wọ́n béèrè bóyá ràkúnmí là ń gùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí oòrùn bá àwọn nílé. Sulayyim bá tẹ iná ọkọ̀. Díẹ̀ báyìí ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì bẹ́, ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, orí ìyá wa sì fò kúrò lórí itan mi. Igbe tí wọ́n ké yẹn ò ṣe é sọ.

A dúró lẹ́bàá títì. Sulayyim fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó de táyà ẹ̀sítírà mọ́ ọn. Ìgbà tó fọwọ́ kan táyà ọ̀tún, kíá ló fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ara táyà náà ti ń ṣí. Bí èyí náà bá bẹ́, kò sí òmíràn mọ́, ibẹ̀ la ó sì wà. Kò sí fọkanáísà kankan tó ṣí, gbogbo wọn ti lọ kírun Jímọ̀ọ̀. Pọ́ńpù kékeré tí a máa ń so mọ́ bátìrì nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Ó tó láti fẹ́ táyà le. Ṣùgbọ́n líle táyà, ìrora ìyá wa ni.

Sulayyim gbé pọ́ńpù náà lọ́wọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ lórí òkúta gbígbóná. Mo ní kó dìde. Ó ní kí n wá fẹ́ ẹ fúnra mi, òun ò lè fọwọ́ ara òun ṣe é. Mo bú u. Mo ní òun ni ọ̀lẹ ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ìdílé wa máa bí. Mo tún dábàá pé ká da omi nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, ká lè máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí táyà rírọ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá wa sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀.

"Ẹ má da omi nù. Kí lẹ máa fi wẹ̀ mí?"

Mo yọwọ́ kúrò lára dúrọ́ọ̀mù náà.

"Sulayyim."

"Ìyá."

"Ìwọ lo tú táyà."

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ dárí jì mí."

"Mo ti mọ̀ látẹnu géètì. Ṣé ìdí tèmi ni kò ní mọ táyà rírọ̀ yàtọ̀?"

"Kí ló dé tẹ́ ò bá mi wí?"

Wọ́n ń wá èémí. "Ó tù mí lára, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti tù mí lára kẹ́yìn."

Sulayyim fi etí aṣọ rẹ̀ bojú.

"Ó tó báyìí. Dìde, kó o fẹ́ ẹ. Mélòó lo máa fẹ́ ẹ dé?"

"Ọgbọ̀n, Ìyá."

"Pẹ̀lú gbogbo omi yẹn? Fẹ́ ẹ dé márùndínlógójì. Tí mo bá sì ké, o ò gbọdọ̀ dúró. Ilé ni mo ní kó o gbé mi lọ."

Ó fẹ́ ẹ. Pọ́ńpù náà ń kùn lórí táyà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń pẹ́. Mo ń fi omi tọ́ ètè ìyá wa, inú ń bí mi sí òkúta, sí ọ̀dà, sí ẹni tó dá gegele sílẹ̀ láyé. Ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìbínú ló ṣe máa ń jáde lára mi.

Wọ́n ké lóòótọ́. Wọ́n ké ní gbogbo gegele abúlé tí a là kọjá, Sulayyim kò sì dúró. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń wakọ̀. Nígbà tí a kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sọ́nà olókùúta tó lọ sétí iyanrìn, ọkọ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì, igbe wọn sì di ìkérora, ìkérora di èémí lásán. Mo ń sọ fún wọn pé a ti dé tán. Irọ́ kọ́ ni. Òkìtì iyanrìn pupa ti yọ níwájú wa.

A dé etí iyanrìn, Sulayyim bọ́ sílẹ̀ láti tú afẹ́fẹ́ táyà. Bí táyà àkọ́kọ́ ṣe ń dún ṣìì, ìyá wa lajú. Wọ́n wo òkìtì iyanrìn láti ojú fèrèsé. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n mọbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímọ́, ìjẹ́rìí ìgbàgbọ́ wa, sí wọn létí, ìka ọ̀tún wọn gbéra díẹ̀, ètè wọn ń tẹ̀ lé tèmi. Kó tó di pé mo parí rẹ̀, ètè mi nìkan ló kù tó ń mì.

"Sulayyim," mo ní. "Wọ́n ti lọ."

Ó wà nídìí táyà kẹta. Ó gbé orí sókè, ó wò mí. Kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu fáàfù. Mo rò pé kò gbọ́. Ó parí tìyẹn, ó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sídìí ẹ̀kẹrin, ó tún kúnlẹ̀. Òkú tàbí alààyè, ẹnikẹ́ni kì í gbé táyà líle wọ iyanrìn.

Ó padà sínú ọkọ̀, ó wa ọkọ̀ náà wọlé. Ó ń yí gbogbo gegele iyanrìn ká, ó ń wá ibi tó tẹ́jú, ó ń rìn bí ẹni gbé ẹyin dání. Kò sí ẹni tí nǹkan lè dùn lára mọ́ nínú ọkọ̀ náà. Mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Dípò ìyẹn, mo di orí ìyá wa mú dáadáa lórí itan mi, mo sì ń wo ọ̀nà.

"Rọra," mo ní. "Kòtò wà níwájú."