Ìtàn Ọkọ̀ Àlùbọ́sà

"Irin gígùn ni sójà náà fi ń gún àwọn àpò àlùbọ́sà lọ́kọ̀ọ̀kan," Bàbá Adégbénró wí. "Èmi wà lábẹ́ wọn. Irin ya fìlà mi, mi ò húkọ́. Bí mo ṣe jáde ní Nàìjíríà nìyẹn."

Ọláwùmí, ọ̀dọ́bìnrin tí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá rán wá láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, sún fóònù rẹ̀ mọ́ wọn. "Háà! Bàbá, ẹ mà láyà o!"

Nínú ilé ìdáná, Lará dá ọ̀bẹ dúró lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń gé. Ó mọ ọkọ̀ àlùbọ́sà náà. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni òun àti bàbá rẹ̀ jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú eré amí àtijọ́ kan tí òyìnbó kan ti sá kúrò nílùú ọ̀tá. Òyìnbó yẹn ló ni fìlà tó ya.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ìkànnì eré àtijọ́ náà fún wọn. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, Bàbá jáde lọ ra búrẹ́dì, wọ́n sì sọnù sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ títí ọlọ́pàá fi mú wọn wálé. Lará ń ṣe tíṣà ní Etobicoke, ní Kánádà níbi tí wọ́n ń gbé, kò lè fiṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ń wá ohun tó máa mú wọn jókòó. Eré amí láàárọ̀, eré ẹ̀fẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn tí wọ́n ti wò nígbà èwe wọn n'Íbàdàn. Ó kọ́kọ́ dára. Bàbá á ti rẹ́rìn-ín tán kí ẹ̀fẹ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. Wọ́n ní kí Lará máa rọra sọ̀rọ̀ nínú lífìtì, torí Michael tó ń tún ilé náà ṣe ń gbọ́ wọn lábẹ́lẹ̀. Dókítà ti sọ orúkọ àìsàn náà. Lará ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ máa gbé ohùn náà jáde fún gbogbo èèyàn nílé ìkàwé. Alhaji Kazeem á wà níbẹ̀, ẹni tó sá fún ìjọba ológun lásìkò kan náà pẹ̀lú Bàbá. Òun náà kì í fi eré wọ̀nyẹn ṣeré. Kò ní gbọ́ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kó tó mọ ibi tí ìtàn náà ti wá. Wọ́n á ní òpùrọ́ ni Bàbá.

"Ọláwùmí, jọ̀ọ́ wá bá mi gbé omi."

Ọláwùmí wọlé wá, ojú rẹ̀ ń dán. "Auntie Lará, ó dùn gan-an! Bíi fíìmù ni."

"Fíìmù ni."

"Kí lẹ wí, Mà?"

Lará ti ilẹ̀kùn. "Orí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti rí i. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́ o, ó dá wọn lójú ni. Iyè wọn ló ń lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà." Ọláwùmí wo fóònù rẹ̀. "Ṣé kí n pa á rẹ́ ni? Àbí ẹ mọ bí wọ́n ṣe jáde gan-an?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì wọ́n."

Bàbá ti tan tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Nínú eré ẹ̀fẹ̀ náà, ìyàwó kan ń gbé adìẹ tó jóná pa mọ́ kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i, àwọn èèyàn tí a ò rí sì ń rẹ́rìn-ín àrín-dákú. Lará dúró, ó ń gbọ́ ẹ̀rín náà. Tí òun náà bá dákẹ́, àlùbọ́sà nìkan ló máa kù. Ó wọlé, ó pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, ó sì fojú sọ fún Ọláwùmí pé kó tan fóònù.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ìtàn kan."

"Ti amí ni?"

"Rárá o. Akọ̀ròyìn kan ni, n'Íbàdàn. Sójà mú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ló kàn. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ó jókòó ti ìyá kan tó gbé ọmọ ọwọ́. Nígbà tí sójà wọ bọ́ọ̀sì, tó ń wojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù ba ọkùnrin yìí débi pé ó tọ̀ sára."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù sójà kì í ṣeré."

"Ìyá yẹn rí i. Ó rọra gbé ọmọ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tí sójà dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ní, 'Ọkọ mi ni, ẹ má bínú, ọmọ ló tọ̀ sí i lára.' Sójà rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga. "Kí lorúkọ ìyá náà?"

"Kò rántí béèrè. Wọ́n dé Kùtọnu, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ."

Bàbá tún bi í. "Ọkùnrin yẹn, ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà, Bàbá."

"Sọ fún un pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ká ní èmi ni, gbogbo ayé ni mo máa sọ fún nípa ìyá yẹn."

Wọ́n ní kó dá ohùn tẹlifíṣọ̀n padà. Ó dá a padà. Ọláwùmí rìn sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Auntie, èwo ni kí n gbé lọ?"

"Èyí tí mo sọ yìí."

"Orúkọ ta ni kí n fi sí i?"

"Alàgbà Adégbénró."

Bàbá yíjú kúrò lára eré náà. "Ṣé èmi lo ń pè?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."