Síídì Tó Fo Àwẹ̀ró Dá

Ìkánjú ni Bámikẹ́ fi ṣe ìyá rẹ̀ léṣe, kì í ṣe ìkà.

Nígbà tí fídàú ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀, Alhájì Yésúfù, kù dẹ̀dẹ̀, ogójì síídì ni ó kọ ohùn olóògbé sí ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní Okokomaiko. Àdúrà tí bàbá ṣe lórí ibùsùn àìsàn ni, níbi tó ti pe àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó kan àwọn ọmọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà béèrè bí eré tí yóò fi kọ ọ́ yóò ṣe pọ̀ tó, Bámikẹ́ tẹ méjìléláàádọ́ta, èyí tó ga jù lọ. Ta ni kò mọ̀ pé Èkó kì í dúró de ẹnikẹ́ni?

Kò dán ọ̀kankan wò nínú ẹ̀rọ síídì àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ ilé wọn ní Igbó-Elérin. Ìdí ẹ̀rọ yẹn sì ni gbogbo ilé péjọ sí lọ́jọ́ fídàú. Nínú síídì, bàbá pe Ìyá Dọ̀tun, ìyáálé, ó wúre fún un títí. Lẹ́yìn náà ohùn há, ó ní kẹ-kẹ-kẹ, ó fò, ó bọ́ sórí àwọn ọmọ. Àwẹ̀ró, ìyá Bámikẹ́, tó ti lanu láti ṣe àmín, pa á dé.

"Ẹ̀rọ ló fò ó o," ni Bámikẹ́ wí.

Ìyá Dọ̀tun rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀rọ mà gbọ́n o. Kò fo tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àwẹ̀ró dé egungun. Lọ́jọ́ kejì, Bámikẹ́ gbé fóònù lọ bá a ní yàrá kí ó lè gbọ́ àdúrà náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn ló fò mí dá lójú gbogbo ilé. Òun náà ni kó pè mí lójú wọn."

"Ó máa pè yín, Màámi. Ẹ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Bámikẹ́ di ẹ̀rọ náà sínú aṣọ, ó gbé e karí, ó di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará àdúgbò bi í bóyá ó ń kó kúrò nílé ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà ó fa eré kọ̀ǹpútà wálẹ̀ dé mẹ́rin. Ohùn náà há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbà wo ló tiẹ̀ kọ síídì rí?

Joseph, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, yọjú. "Sister, no be say make e slow die. Kì í ṣe kó kàn máa falẹ̀ ṣáá. Wọn ò ṣe síídì yìí fún mẹ́rin. Ẹ wá sípíìdì tí òun àti ẹ̀rọ yìí jọ máa gbà."

Bámikẹ́ ní kí àwọn oníbàárà padà wá lọ́la. Ó tẹ méjìlélọ́gbọ̀n: ohùn fò. Ó tẹ mẹ́rìnlélógún: ohùn kò fò mọ́, àmọ́ ó gbé ìparí orúkọ náà mì. Ẹlòmíràn ì bá ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ìyá ẹni la ó wá máa pè ní Àwẹ̀? Inú bí i, ó ju síídì náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó tẹ mẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ bàbá jáde geerege láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló tún un gbọ́ kí ó tó gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ó kó gbogbo ilé jọ sí pálọ̀. Bàbá wúre fún Ìyá Dọ̀tun tán.

"Àwẹ̀ró," ni bàbá pè.

Àwẹ̀ró fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. Ìyá Dọ̀tun sáré dì í léjìká mú. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀rù gidi ló wà níbẹ̀. "Má jẹ́ ẹ o! A kì í jẹ́ ìpè òkú!"

Ohùn náà ń bá tirẹ̀ lọ. "Àwẹ̀ró mi. Ìwọ lo gbé mi dìde, ìwọ lo tẹ́ mi sùn. Mi ò dúpẹ́ tó."

"Oo," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Mo gbọ́ yín, Alhájì." Ó nu ojú, ó wo ọmọ rẹ̀. "Bámikẹ́, dá a padà sẹ́yìn. Mi ò tíì jẹ́ ẹ tán."