Òwú Ara Elégédé

Ó ti gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè kó tó rí i pé nǹkan ń fò lórí elégédé.

Ibà ló dá a dúbúlẹ̀ sílé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò sẹ́ni tó nu yàrá tó ti ń sin kòkòrò oníyẹ̀fun, àwọn nǹkan kéékèèké tó funfun bí ẹni yí nínú ìyẹ̀fun, tó ń fa omi ara elégédé mu. Kòkòrò yìí ń ba oko jẹ́, àmọ́ òun náà ni oúnjẹ àwọn kòkòrò dúdú tí ilé iṣẹ́ wọn ń sìn fún àwọn àgbẹ̀ láti fi pa á run.

Kó tó ṣàìsàn, àwọn kòkòrò oníyẹ̀fun náà ò yé ẹyin mọ́. Ọ̀gá ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: òun ń bọ̀ wá wò ó lónìí, bí kò bá sí ẹyin, wọ́n á ti yàrá náà pa. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọra. Wọn kì í ṣàdédé pè é ní Ìyá Ìmọ́tótó. Láràárọ̀ ló ń nu gbogbo òwú tó bá hù lára elégédé kúrò. Kódà, awakọ̀ tó ń kó elégédé wá kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà rí, nítorí eruku bàtà rẹ̀.

Ó mú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ohun tó ń fò náà tín-ín-rín, ó ní ìyẹ́ méjì, fọ́nrán funfun méjì sì gùn jáde nídìí rẹ̀. Kò lẹ́nu tó lè fi jẹun. Nínú òwú kan, òmíràn ń fẹ̀yìn rìn jáde. Ó na ìyẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fò, ó sì bà lé abo kan tó sanra, tí kò ní ìyẹ́, tó jókòó jẹ́ẹ́.

Akọ ni. Ní kékeré, kò yàtọ̀ sí abo; ìgbà tó bá yá ló ń ran òwú bo ara rẹ̀, tí á pa oúnjẹ tì, tí á sì para dà sínú rẹ̀.

"Orí mi o," ó wí jẹ́ẹ́. "Ọkọ wọn ni mo ń gbá dànù."

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìyá rẹ̀ kì í yé sọ ọ́. Ìtìjú mú un, ẹ̀rín sì pa á. Ó rọra yí elégédé padà. Ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ṣù jọ, wọ́n pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ara rẹ̀ wá balẹ̀. Kí ọ̀gá máa bọ̀.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ni, ó ti bọ́ bàtà, ó fẹ́ gbé elégédé sílẹ̀ kó máa lọ.

"Ṣé ara ti le? Mo fẹ́ wá kí yín nílé, mo ní kí n má lọ kó eruku bá yín."

Obìnrin náà wò ó. Ó pẹ́ tó ti ń bọ́ bàtà lóde yẹn.

"Wọlé, wá wo nǹkan."

Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ilẹ̀ á dọ̀tí o."

"Jẹ́ kó dọ̀tí."

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì sínú àpótí, ó sì na dígí náà sí i.