Ọmọ Tí Kò Wá Sí Ilé Ìwé Lónìí

Hilary Tranter fi ìka tọ ìlà náà lójú kọ̀ǹpútà láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, kò sì rí nǹkan mìíràn níbẹ̀ ju "kò wá" lọ. Kò wá lọ́jọ́ Ajé. Kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé lẹ́yìn Kérésìmesì, ọmọ yìí kò wá rárá. Ó wá gbé ojú lọ síbi tí orúkọ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ẹni tí yóò bá níbẹ̀.

"Ta lọ̀lẹ yẹn?" Gareth Maidment, ọ̀gá ilé ìwé náà, ló bi í léèrè láti ẹ̀yìn. Ó di ife kọfí mú, ó ń mu ún lórí ìdúró bó ti máa ń ṣe lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. "Ta ló ń fà wá sẹ́yìn báyìí?"

"Corey ni. Corey Sleight."

Gareth gbé ife náà sílẹ̀. "Olúwa mi ò," ó ní. "Wọn ò tíì yọ ọ́?"

Oṣù kọkànlá ni Corey kú. Yìnyín ti bo ọ̀nà etí òkun láàárọ̀ ọjọ́ náà, alùpùpù kékeré tó ń gùn sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti wọ́. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Gbogbo ilé ìwé lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ gidi kì í ti ẹnu wọn jáde sunkún níta gbangba, lẹ́yìn náà kálukú padà sẹ́nu iṣẹ́, kálukú sì gbà pé ẹlòmíràn ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ́jísítà.

Ohun tí Hilary fẹ́ kí Gareth gbà nìyẹn pẹ̀lú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé Pauline, akọ̀wé wọn, ti bi í nínú oṣù kejìlá pé, "Ṣé kí n yọ ọmọ yẹn?" Hilary sì dá a lóhùn pé, "Fi í sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá ṣe é." Òun ni igbákejì ọ̀gá, òun ló ń bójú tó síìsì fọ́ọ̀mù, kíláàsì méjì tó kẹ́yìn ṣáájú yunifásítì, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò kàn ṣe é ni.

Bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ pé ọjọ́ òní gan-an ni àwọn aláṣẹ tó ń wọn iṣẹ́ ilé ìwé wò ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tó ni ilé ìwé wọn ní Skelby tún ni àwọn mìíràn kéékèèké káàkiri etí òkun, ìlú ńlá sì ni àwọn aláṣẹ rẹ̀ ń gbé. Àwọn èèyàn yìí kì í bínú, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn máa ń wọn nǹkan ni. Wọ́n ti wọn èsì ìdánwò àwọn ọmọ síìsì fọ́ọ̀mù, ó wà láàárín méjì, kò dùn, kò korò. Wọ́n ti wọn iye àwọn tó wọ yunifásítì, ìyẹn náà bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù láti fi pinnu ni bí àwọn ọmọ ṣe ń wá sí kíláàsì ní sáà yìí. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Méjìléláàádọ́rùn-ún ni Skelby ní. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀, wọn yóò ti síìsì fọ́ọ̀mù náà pa, kí àwọn ọmọ tó bá fẹ́ kàwé sí i máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí kọ́lẹ́jì ìlú kejì.

Hilary mọ àwọn ọmọ Skelby. Ẹni tí wọ́n bá ní kó jí lọ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn ìgbà òtútù, nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹja wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó ń wá òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ ẹja ni yóò lọ. Ó ti rí i títí ó fi sú u.

"Ogójì péré ni wọ́n," Gareth sọ, ó ti ń fi ìka ṣírò lórí tábìlì. "Ẹ yọ ẹyọ kan tí kò wá rárá kúrò nínú ogójì, a ti kọjá ibi tí wọ́n ní ká dé. Mísíìsì Tranter, títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni! Kì í ṣe pé à ń parọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ̀."

"Òótọ́ lásán ni. Ọmọ náà ò sí mọ́."

"Mo ní mo mọ̀, Gareth."

Ohun tó ń dùn ún gan-an nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ó gbé ọwọ́ sórí ẹ̀rọ láti tẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn ló tó ṣàkíyèsí àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "kò wá" kọ̀ọ̀kan. Ó sún mọ́ ọn, ó kà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ. Ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá ti pe orúkọ tán, ẹ̀rọ á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí fóònù ìyá ọmọ tí kò bá wá: *Corey kò sí ní ilé ìwé lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wá kí ẹ sọ ìdí rẹ̀.* Ní gbogbo àárọ̀. Láti ọjọ́ kejì ìsìnkú.

Hilary dìde. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó sì jáde bí Gareth ṣe ń pè é.

Ìyá Corey ń jáde láti sinmi nígbà tí Hilary dé ilé iṣẹ́ ẹja tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́. Donna Sleight kò tíì pé ogójì ọdún. Hilary ti kọ́ òun náà rí, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà tó ti kọ́ ọmọ rẹ̀. Donna ṣì de àwọ̀n mọ́ irun, ọwọ́ rẹ̀ pọ́n fún omi tútù. Ó rí Mísì rẹ̀ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ojú rẹ̀ sì le.

"Ẹ má dúró nínú atẹ́gùn yìí, Mísì, ẹ máa gan. Ẹ bọ́ síbí."

Wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé páànù tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń fa sìgá. Hilary ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ́nà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Donna, nípa àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn... Èmi ni mo fà á. Ojú tì mí. Mo wá bẹ̀ ọ́, mo sì wá sọ fún ọ pé ó máa dópin lónìí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró?"

"Ẹ̀rọ ló ń fi wọ́n ránṣẹ́, Donna."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni," Donna ní. "Mi ò sinwín. Ta ló mọ̀ jù mí lọ pé kò sí nílé ìwé? Ṣùgbọ́n nígbà tó wà láyé ńkọ́, ṣebí ẹ ń fi ránṣẹ́ nígbà yẹn náà? Màá wà nídìí ẹja, fóònù á dún lápò mi, màá ní, 'Aláìgbọràn yìí tún ti sùn gbàgbé!' Màá pè é, màá bú u dáadáa, á ní, 'Mọ́ọ̀mù, mo ti ń wọ bàtà.' Irọ́ ni! Kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó nu imú. "Báyìí náà, tó bá dún, kí n tó rántí, inú á kọ́kọ́ bí mi sí i. Fìrí báyìí. Inú á bí mi gan-an, bíi tàtijọ́. Lẹ́yìn náà ni màá wá rántí."

"Donna."

"Gbogbo èèyàn ló ń rọra pe orúkọ ẹ̀ fún mi bíi pé ó máa fọ́. Ẹ̀rọ yín nìkan ló ṣì ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn mí, Mísì. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Hilary lè parọ́ níbẹ̀, kó lọ. Ṣùgbọ́n kò lè parọ́ fún ọmọ tí òun kọ́. Ó sọ ohun tó wà nílẹ̀ fún un: àwọn àlejò tó ń bọ̀ lọ́sàn-án, iye tí wọ́n ń béèrè, iye tí wọ́n ní, àti pé orúkọ Corey nìkan ló wà láàárín méjèèjì. Donna gbọ́ ọ títí dé òpin. Ojú rẹ̀ wà lára ògiri ilé iṣẹ́ náà.

"Corey lẹni àkọ́kọ́ tó dé síìsì fọ́ọ̀mù nínú ìdílé wa," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi, bàbá ẹ̀, ibí ni gbogbo wa já sí. Òun náà ló wá kù tí wọ́n á fi tì í pa?" Ó mi orí. "Ẹ ti mú mi há, Mísì."

"N kò ní yọ ọ́ bí o kò bá fẹ́."

Fèrè ilé iṣẹ́ dún. Donna fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wọ̀, ó wọlé láìdágbére.

Nígbà tí Hilary sọ fún Gareth pé òun kò ní yọ orúkọ náà, ọ̀gá náà kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. "Ẹ fẹ́ fi ọmọ mọ́kàndínlógójì tó wà láàyè ṣe ẹ̀tùtù fún ẹyọ kan tó ti lọ?" ó ní. Ojú tì í lójú ẹsẹ̀ bó ti sọ ọ́. Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ má bínú. Wọ́n á dé láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò." Ó jáde lọ wo bóyá wọ́n ti gbá iwájú ilé.

Pauline ti gba àyè lọ wo dókítà ojú, nítorí náà Hilary lọ jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀ láti máa gba ìpè. Ariwo àwọn ọmọ ń wọlé láti ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ó fẹ́ràn ariwo yẹn. Láti ọdún tí Keith, ọkọ rẹ̀, ti ṣaláìsí, bó bá ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó máa ń di ọjọ́ Ajé kí ẹnì kan tó tún bá a sọ̀rọ̀. Ó máa ń tètè dé ilé ìwé kí òun àti àwọn tó ń tún ilé ṣe lè kí ara wọn. Nínú kíláàsì rẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára láti fo orúkọ Corey kó sì padà sí i nígbẹ̀yìn, torí ọmọ náà kì í tètè dé. Ó máa ń já wọlé, á ní, "Mísì, ṣé ẹ ti pè mí kọjá?" Títí di òní, bó bá pe orúkọ dópin, ó ṣì máa ń dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ á tẹjú mọ́ tábìlì wọn títí yóò fi ní kí wọ́n ṣí ìwé.

Fóònù dún.

"Ilé ìwé Skelby, ẹ káàsán o."

"Ẹ káàsán." Ìró ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ohùn náà, àti omi tó ń dà. "Mo ń pè nípa ọmọ tí kò wá sílé ìwé lónìí. Wọ́n fi mẹ́sèèjì ránṣẹ́ pé kí n pè."

Hilary mọ ohùn náà. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Ẹ ṣé tí ẹ pè, Ìyá. Kí lorúkọ ọmọ náà?"

"Corey Sleight. Kíláàsì kẹtàlá."

"Kí ló dé tí kò fi wá?"

Omi ń dà. Ẹnì kan pariwo orúkọ Donna lọ́hùn-ún.

"Ó ti kú," ó ní. "Láti oṣù kọkànlá ló ti kú."

Hilary kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń kọ ìdí. Ojú kọ̀ǹpútà ṣí ibòmíràn fún un, bó ti máa ń ṣe fún ẹni tí òtútù mú àti ẹni tí eyín ń dùn, ó ń béèrè ọjọ́ tí ọmọ náà yóò padà. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Mo ti pe ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, mo mọ ìbéèrè yín," Donna ní. "Ó ku ẹyọ kan tẹ́ ẹ máa bi mí."

"N kò ní bi yín."

"Ẹ ṣeun."

Hilary tẹ̀ ẹ́. Orúkọ náà kúrò, àwọn orúkọ tó wà nísàlẹ̀ gòkè wá dí àyè rẹ̀, iye náà sì yí lókè. Gareth yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí iye náà, ó rí ojú Hilary, ó sì rọra padà sẹ́yìn. Donna kò gbé fóònù sílẹ̀, Hilary náà kò gbé e sílẹ̀. Omijé ń bọ́ sórí kóòtù tí kò tíì bọ́ láti àárọ̀. Ó wá yé e pé gbogbo àkókò yìí, òun náà ti ń dúró kí ẹnì kan pè.

"Mísì?" Donna ní. "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."