Ohùn Tí Kóòṣì Dá Mọ̀

Verlon Tidmore gbá tábìlì débi tí kọfí Mísì Ouida fi dà sínú gírítì àgbàdo tó wà níwájú rẹ̀.

"Yáàdì kan! Yáàdì kan péré ló kù, Hoyt! Pẹ̀lú orúnkún mi tó ti bàjẹ́ yìí, màá wọ́ bọ́ọ̀lù yẹn kọjá ìlà. Ọkùnrin yẹn wá ní kí wọ́n jù ú. Ta ló ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tó ku yáàdì kan? Ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Àwọn tó jù ú tó sì wọlé ò kéré," ni Hoyt Baggett fèsì, ó ń fi búrẹ́dì gbá ẹyin inú àwo rẹ̀ jọ. Mẹ́káníìkì ni Hoyt kó tó fẹ̀yìntì, kì í kánjú sọ̀rọ̀. "Ọwọ́ ọmọ yẹn ló yọ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ Kóòṣì."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre! Odindi ọdún mẹ́rin lo ti ń sọ pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀. Ẹjọ́ ta wá ni? Ẹjọ́ tèmi?"

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, ní ilé oúnjẹ Lurleen, ní ìlú Tarrow, ní Alabama. Ní Sátidé tó kọjá, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì ìlú náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìbaaka, fìdí rẹmi lọ́wọ́ Bayliss lórí pápá ara wọn. Bayliss o! Bayliss tí bàbá Verlon kì í kà kún nígbà ayé rẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló wà nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà pápá náà, eruku sì ti bo gbogbo wọn, torí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ti dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà lọ. Ẹ má sì ṣì mí gbọ́: bọ́ọ̀lù gbọọrọ tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré ni mò ń wí. Èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá, wọn ò kà á sí bọ́ọ̀lù ní Tarrow.

Mísì Ouida Crenshaw fi ṣíbí ti gírítì tó ti di kọfí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ìdajì ìlú náà ní ìṣirò, gbogbo eré tí Ìbaaka ti gbá láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló sì wà nínú ìwé tó gbé sórí itan rẹ̀.

"Ó dáa, Verlon. Ká ní wọ́n lé Kóòṣì Stroud lónìí. Ta lo fẹ́ kí wọ́n gbé síbẹ̀?"

"Royce."

Hoyt dá búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ dúró. Royce Mabry ni ọkọ Darla, Darla sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Verlon bí. Royce ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ìbaaka nígbà èwe rẹ̀. Ní báyìí, abẹ́ Garland Stroud ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ fìrìgbọ̀n tó máa ń dúró ní ìlà iwájú tí wọ́n ń fi àyà ti ọ̀tá sẹ́yìn.

"Verlon," ni Mísì Ouida sọ, ó sì rọra sọ ọ́, "tí wọ́n bá lé ọ̀gá, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹni tó ń bọ̀ máa kó èèyàn tiẹ̀ wá. Ìwé mi nìyí. Mo lè fi ti ọdún kọ̀ọ̀kan hàn ọ́."

"Kì í ṣe Royce. Ọmọ wa ni. Ta ló máa lé ọmọ onílé?"

"Wọn ò ní bi í pé ọmọ ta ni."

"Ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀, Mísì Ouida!"

Ohun tó ń bí Verlon nínú gan-an ju bọ́ọ̀lù lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni Darla ti wà nílé ọkọ, ìlú méje ni wọ́n sì ti lé wọn kúrò: Kansas, Idaho, Texas lẹ́ẹ̀mejì, àti àwọn ibi tí Verlon ò lè pe orúkọ wọn dáadáa. Bí ayé ìyàwó kóòṣì ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ kó, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Darla ti ń ránṣẹ́ gba páálí, torí Verlon ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ tó tóbi jù ní Tarrow nígbà náà. Páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fẹ́ràn, èyí tó nípọn, tó ní ihò téèyàn lè ki ọwọ́ bọ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Stroud gba Royce síṣẹ́, Darla bá padà sílé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ní oṣù Ògọ́sì tó kọjá, ó tẹ gbogbo páálí ilé rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó kó wọn síta fún àwọn tó ń kólẹ̀, ó ní, "Dádì, mi ò kó mọ́." Verlon lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Nígbà tó wọlé, ó ní òógùn ló kó sí òun lójú.

Ẹ wá wo ìṣirò rẹ̀. Stroud ń fìdí rẹmi. Wọ́n máa lé e dandan. Tí wọ́n bá lé e, wọ́n lè lé Royce mọ́ ọn. Àfi kí wọ́n tètè gbé Royce sórí àga náà kí wọ́n tó lọ wá àjèjì wá. Bó ṣe rò ó nìyẹn, kò sì bi ẹnì kankan.

Ohun kan sì wà tí kò sọ fún wọn ní tábìlì, bó tilẹ̀ ń yún un lẹ́nu. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nídìí oúnjẹ ọ̀sán ní ilé Darla, Royce tí kò tíì sùn láti Sátidé ti sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Mo sọ fún un o. Mo sọ ọ́ sí i létí nínú ẹ̀rọ tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ lórí pápá, pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ mi tì í wọlé. Ó ní kí n dákẹ́." Ó wá gbójú sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kí ọ̀rọ̀ yìí má jáde nínú ilé yìí."

"Ṣé mo jọ olófòófó lójú ẹ ni?" ni Verlon dáhùn, ó sì bu ọ̀dùnkún sí i.

Ọjọ́bọ̀ ni ètò Kóòṣì lórí rédíò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Stroud á jókòó sí ilé ẹja díndín létí odò, èrò á kún ibẹ̀, àwọn tó wà nílé á máa pè é lórí fóònù. Ì báà fìdí rẹmi, ì báà ṣàìsàn, ó gbọ́dọ̀ jókòó kó gba èébú. Ní Tarrow, ẹni tó bá fẹ́ bú Kóòṣì kì í fún wọn ní orúkọ rẹ̀. Á di ará ìlú míì. Verlon na aṣọ ìnuwo bo ẹnu fóònù, ó di Earl láti Dothan.

"Ẹ pa rédíò yín, sà," ni ọmọbìnrin tó gbé fóònù sọ.

Verlon dín in kù. Kò pa á. Ó fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀.

"Earl láti Dothan, ẹ ti wọlé. Ẹ bá Kóòṣì sọ̀rọ̀."

"Kóòṣì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní." Imú ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ohùn tó há. Ṣùgbọ́n bó ṣe rántí yáàdì kan yẹn báyìí, orí rẹ̀ gbóná, aṣọ ìnuwo já bọ́. "Kí ló dé tí ẹ ju bọ́ọ̀lù nígbà tí Royce Mabry ń sọ sí yín létí pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ òun tì í wọlé? Tí ẹ sì ní kó dákẹ́! Ẹni tó mọ iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ò gbọ́ràn! Ẹ dìde lórí àga yẹn fún ọmọ onílé, ẹ máa bá tiyín lọ!"

Ó gbọ́ ìró fọ́ọ̀kì lórí àwo.

"Ọ̀gbẹ́ni Verlon," ni Stroud wí, ohùn rẹ̀ tutù nini. "Orúnkún yín ńkọ́?"

Gbogbo ilé ẹja bú sẹ́rìn-ín. Nílé Verlon ni Stroud ti jẹun ọdún Àjíǹde tó kọjá, ó jẹ páì èso lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo ìtàn orúnkún náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín yẹn wá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, torí àwọn èèyàn ti ń rò ó pé ta ló lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Verlon. Wọ́n gé fóònù. Rédíò tó wà lórí fíríìjì, tó máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ pẹ́ dé, wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀: Royce Mabry ń sọ sí yín létí. Tí ẹ sì ní kó dákẹ́. Verlon ò lọ pa á. Ó dúró gbọ́ ọ títí dé ibi orúnkún.

Kò tíì tó aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Darla fi ti ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ wọlé. Kò kí i.

"Royce débi iṣẹ́ láago méje. Káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan, ọmọ tí Royce fúnra ẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ló jáde wá sọ fún un pé kó dúró níta, pé wọ́n ń kó ẹrù ẹ̀ bọ̀. Níta, Dádì! Lójú àwọn ọmọ tó ń kọ́!"

"Darla, ohun tí mo fẹ́ ni pé—"

"Mi ò bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́!"

"Mo fẹ́ kí ẹ dúró sí Tarrow ni! Mo rò pé tí Royce bá di ọ̀gá..."

"Ta ló sọ fún yín pé ó fẹ́ di ọ̀gá? Ṣé ẹ bi í? Ẹ bi í rí? Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ fìrìgbọ̀n ẹ̀ yẹn, ó sì fẹ́ràn kó máa wálé wá jẹun. Ó parí! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn kí wọ́n máa gbóhùn yín. Ìlú méje ni wọ́n ti lé wa, Dádì. Àjèjì ló lé wa ní gbogbo ẹ̀, mo sì gbà. Èyí tí mo wá pè ní ilé, ẹ̀yin bàbá mi lẹ lé mi níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó wá sí Verlon lẹ́nu burú ju kó dákẹ́ lọ. "Mi ò mọ̀ pé ó máa dá ohùn mi mọ̀."

Darla ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà.

"Gbogbo ìlú ló dá ohùn yín mọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹ ti ń pe rédíò yẹn. Ẹ̀yin nìkan lẹ rò pé ẹ fara pamọ́."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò pè é. Stroud fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta sí i, wọ́n sì lé e ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Dìsẹ́ńbà. Ìlú ya síta. Wọ́n ń fọn fèrè ọkọ̀, wọ́n fi bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wé gbogbo igi tó wà níwájú yunifásítì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Verlon jókòó sílé, inú ń bí i sí gbogbo fèrè tó gbọ́.

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí ilé oúnjẹ Lurleen torí kò mọ ibòmíì téèyàn ń lọ ní Mọ́ńdè. Tẹlifíṣọ̀n ń fi kóòṣì tuntun hàn, Wendell Crowe, ọkùnrin gíga kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí ní Tarrow. Hoyt ní ojú ẹ̀ jọ ojú ẹni tó lójútì. Mísì Ouida ní kó dákẹ́ kí àwọn gbọ́ràn.

"Mo ti wo gbogbo eré tí ẹ gbá lọ́dún yìí," ni Crowe ń sọ. "Nǹkan kan ṣoṣo ló dáa níbẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìlà iwájú. Gbogbo àwọn tó kù ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn, òun nìkan ni mi ò ní lé."

Wọ́n yí kámẹ́rà sí ẹni náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tó ní kí Royce dúró níta ni, òun ni wọ́n ti fi sí ipò Royce. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó wọ táì tuntun.

Mísì Ouida bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó pa ìwé orí itan rẹ̀ dé. "Verlon, mo ṣìṣe," ló wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń jókòó síbẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. "O ní ẹni tó ń bọ̀ ò ní lé Royce. Òótọ́ lo sọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!" Verlon fò dìde, àga rẹ̀ ṣubú. "Ẹ pè mí ní wèrè! Ẹ pè mí ní ọ̀dẹ̀! Ẹ má sọ fún mi pé òótọ́ ni mo sọ!"

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Darla ni.

"Dádì. Àwọn tó ra ṣọ́ọ̀bù yín, ṣé wọ́n ṣì ń kó páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pamọ́?"

"Wọ́n ń kó o pamọ́. Mélòó?"

"Ogójì. Royce ti ríṣẹ́ ní North Dakota."

"Ibẹ̀ jìnnà, Darla. Òtútù ibẹ̀ ń pààyàn. Màá gbé e wá lọ́sàn-án yìí, màá bá yín di àwọn àwo, mo mọ bó ṣe..."

"Rárá. Ẹ kó wọn síwájú ilé. Ẹ má kanlẹ̀kùn."

Ó ru wọn ní méjì-méjì láti inú ọkọ̀, ó ń wọ́ orúnkún gun àtẹ̀gùn, ó ń bú Stroud, ó ń bú Crowe, ó ń bú Bayliss, títí kò fi sí ẹni tó kù tó lè bú àyàfi ara rẹ̀. Nígbà tó to ogójì pé, ó nà ró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ti fẹ́ kanlẹ̀kùn tán. Ọwọ́ náà gba ara páálí, ọ̀kan yẹ̀, ó já lulẹ̀ gbì.

"Ta ló wà níta yẹn?" Ohùn Royce ni, láti inú yàrá.

"Kò sẹ́nì kankan," ni Darla dáhùn. "Páálí ni."