Tẹlifíṣọ̀n Tí Màámi Máa Wò

Èyí tó tóbi yìí... rárá o. Ibo ni Màámi máa gbé e sí? Fèrèsé ló gba ìdajì ògiri pálọ̀, aṣọ oníbàárà tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀ ló gba ìdajì tó kù. Àfi tí mo bá ní kí wọ́n sún ẹ̀rọ ìránṣọ wọn kúrò níbẹ̀. Ta ló máa sọ ìyẹn létí wọn? Èmi kọ́. Ayé ṣì wù mí í jẹ.

Kékeré ńkọ́? Kékeré ò burú... ṣùgbọ́n kékeré ló wà nílé, kékeré náà ni wọ́n ń bá jà láti ọjọ́ yìí. “Tẹlifíṣọ̀n yìí ti ń kú lọ. Àwòrán rẹ̀ ti ṣú.” Láàárọ̀, àwòrán ti ṣú. Lọ́sàn-án, àwòrán ti ṣú. Wọ́n á máa sọ ọ́ bíi pé èmi ni mo lọ bu omi sínú ẹ̀. Ó ti sú mi. Ó dáa, mo ti wá. Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù. Èwo wá ni kí n gbé báyìí?

Gbogbo wọn ló ń fi ẹja kan náà hàn. Ẹja búlúù kan báyìí tó ń ju ìrù sọ́tùn-ún sósì, láti ìsàlẹ̀ ògiri títí dé òkè. Ojú mi ti ń pòòyì. Èyí tó wà láàárín yìí mọ́lẹ̀ ju àwọn tó kù lọ — àbí ó kàn jọ bẹ́ẹ̀ ni? Mo sún mọ́ ọn. Mo sún sẹ́yìn. Ó mọ́lẹ̀. Àbí... Háà! Èmi tí mò ń ṣe búrẹ́dì jẹun, tí mo máa ń fi ìka lásán mọ̀ bóyá ó ti jinná, tẹlifíṣọ̀n wá di ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n yàn.

Ọ̀túnla ni mò ń lọ. Ọ̀túnla! Ọkọ mi á wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfúrufú lọ́hùn-ún, inú mi á dùn — inú mi ń dùn, kí n má purọ́ — ó ti pẹ́ tá a ti ń fi fóònù ṣe tọkọtaya. Ṣùgbọ́n ilé tí mò ń fi sílẹ̀ ńkọ́? Ó ku Màámi nìkan. Èmi nìkan ni wọ́n bí, mi ò ní ẹ̀gbọ́n, mi ò ní àbúrò tí mo lè ní kó máa yà wò wọ́n. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ta ló máa sọ pé, “Màámi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀ ná”? Ká má tan ara wa jẹ, kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ni mo wá rà. Ẹni tó máa jókòó tì wọ́n ni mo wá rà, ẹni tí ohùn rẹ̀ á máa wà nínú ilé.

Ọkọ mi ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ná. “Ìwọ ṣáà máa bọ̀. Tó o bá dé, a jọ máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí wọn.” A jọ máa fi nǹkan ránṣẹ́! Ó rọrùn láti sọ fún ẹni tí kò sí nílé gbọ́ “àwòrán ti ṣú.” Màámi fúnra wọn náà ńkọ́? “Èwo ni ti tẹlifíṣọ̀n nínú ọ̀rọ̀ yìí? Máa lọ bá ọkọ ẹ. Má tìtorí mi dúró.” Wọ́n ti sọ ọ́ títí... má tìtorí mi dúró, má tìtorí mi dúró. Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́, Màámi, ẹ sinmi.

Rimóòtù rẹ̀ nìyí. Bọ́tìnì wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n tò wọ́n mọ́ra wọn gádígádí. Màámi ò ní fẹ́ èyí, wọ́n á ní àwọn tó ṣe é láhun. Ìyẹn ni Màámi. Kò sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́ tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ṣe é. Abẹ́rẹ́ ńkọ́? “Àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ti di ahun, irú ihò wo ni wọ́n dá sí èyí?” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, èmi ni mo máa ń ki òwú bọ àwọn abẹ́rẹ́ kalẹ̀ fún wọn, funfun lọ́tọ̀, aláwọ̀ lọ́tọ̀. Gílóòbù — mo pààrọ̀ rẹ̀, mo tún pààrọ̀ rẹ̀. “Iná tí ò níláárí ni wọ́n ń tà báyìí.” Ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà ní igun kan láti kékeré mi, wọ́n wọ́ ọ wá síbi fèrèsé. “Atẹ́gùn ni mo fẹ́.” Ó dáa, Màámi, ẹ gba atẹ́gùn.

Wọ́n tún fẹ́ràn kí wọ́n máa bá àwọn inú tẹlifíṣọ̀n jà. “Arákùnrin yìí, o ò rí i pé irọ́ nìyàwó ẹ ń pa fún ẹ?” Wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, wọ́n á fi ẹnu tún ilé onílé ṣe. Ilé á kún. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni wọn ò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ni wọ́n ń bi léèrè. “Ta ló wọlé yẹn? Ìyá ọkọ ni àbí ìyàwó?” Màá ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń wò ó ni?” Wọ́n á ní, “Ṣebí mo ní àwòrán ti ṣú.”

Àwòrán ti ṣú. Ó dáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbí.

Ọkùnrin tó ń ta ọjà yìí ṣì wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ tọkọtaya kan nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, eyín rẹ̀ ń tàn ju tẹlifíṣọ̀n tó ń tà lọ. Ẹlẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ nínú ọkàn mi. Kí wọ́n tó pè é ló bi mí pé, “Àǹtí, kí ló ṣe tilé?” Mo ní àwòrán rẹ̀ ti ṣú. Ó ní, “Lójú ta ló ti ṣú?” Mo ní ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ó ṣú lójú yín?” Kí n tó dáhùn ni wọ́n pè é. Ìbéèrè wo nìyẹn? Kí ló kàn án? Ẹni tó fẹ́ tajà, tó tún ń dá ọjà dúró! Mo ti sọ pé ó ṣú, ó ṣú náà nìyẹn. Màámi ló...

Màámi ló sọ ọ́.

Èmi ńkọ́? Èmi kì í jókòó wò ó. Búrẹ́dì ò gbà fún mi, tí mo bá délé, ibi tí màá na ẹsẹ̀ sí ni mò ń wá. Mi ò mọ̀. Ó ní láti ṣú ṣáá. Ó ti pẹ́ nílé.

Ṣùgbọ́n lánàá... Lánàá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Màámi sún àga mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì, mo tiẹ̀ fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, mo ní ṣé ẹ fẹ́ wọlé bá wọn gbá a ni. Wọ́n ní, “Mélòó sí mélòó ni wọ́n wà?” Mo ní, “Àwọn aláṣọ pupa ti jẹ méjì, àwọn yòókù ò tíì jẹ.” Wọ́n ní, “A dúpẹ́.” Mo padà sídìí ìkòkò mi...

Ìkòkò. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo wà.

Kí ni mo fi rí i? Nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun òkè, tí ò ju èékánná lọ — mo kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn aláṣọ pupa, mo rí i pé ó pupa. Pupa fòò. Koríko yẹn tutù yọ̀yọ̀. Kò sí ohun tó ṣú níbẹ̀. Àbí ó ṣú? Kò ṣú! Àwòrán yẹn ò ṣú rárá.

Nígbà náà...

Ó tì o. Ẹ gbà mí. Télọ̀ ni Màámi! Àná náà ni wọ́n ránṣọ láti àárọ̀ títí mo fi dé. Ẹni tí ò ríran, ṣé ó lè... Kí ló dé tí kò ní lè ṣe é? Ẹsẹ̀ mọ ẹ̀rọ, ọwọ́ mọ aṣọ, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n aṣọ dúdú — aṣọ dúdú! Ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́, wọ́n ká aṣọ rẹ̀ fún un padà. “Mi ò rán dúdú mọ́. Aṣọ dúdú ń bà mí nínú jẹ́.” Inú bí obìnrin náà. Inú bí èmi gan-an, mo ní Màámi, ṣé ẹ ò ní lé oníbàárà lọ báyìí? Òwú dúdú lórí aṣọ dúdú... kò sóhun tó ń fìyà jẹ ojú télọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló sọ ìyẹn fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Gílóòbù ò ṣe nǹkan kan. Ojú Màámi ló ń ṣú.

Mo di etí pẹpẹ ọjà mú, kí n má baà jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn. Wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n ń bò ó. Lánàá náà ni wọ́n ní kí n bá àwọn ki òwú bọ gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé kí n tó rìnrìn àjò. Gbogbo rẹ̀ pátá. Mo ní ṣé ẹ fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ ni, wọ́n ní, “Ṣáà bá mi ṣe é.” Tí gbogbo ẹ̀ bá wá tán ńkọ́, Màámi? Ta lẹ fẹ́ pè? Olórí kunkun ni yín! Ẹ mọ irú ọmọ tí ẹ bí, ẹ mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, ó parí, mi ò lọ síbì kankan mọ́, ọkọ mi ì báà sunkún títí. Ni ẹ bá gbé ẹ̀bi fún tẹlifíṣọ̀n. Ni èmi náà bá gbà á gbọ́, mo wá ń wo ẹja.

Dókítà ojú wà. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀, á sì là... fún ẹlòmíì ó máa ń là. Àbí ó ti pẹ́ jù? Mi ò mọ̀. Ọ̀túnla... Tí mo bá délé lọ́wọ́ òfo, wọ́n á mọ̀ pé mo ti mọ̀. Tí mo bá sì gbé tẹlifíṣọ̀n délé, wọ́n á jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n á ní, “Háà, èyí dáa, ó mọ́lẹ̀ kedere,” wọ́n á máa ṣàdúrà fún mi, wọn ò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ṣe é.

Ẹlẹ́rìn-ín ti ń bọ̀ níbí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Kékeré, ńlá, èyí tó mọ́lẹ̀...

Màámi ò wọ̀n mí rí láyé mi. Ojú lásán ni. “Yí padà,” màá yí, “ó tó, máa lọ,” aṣọ á sì bá mi mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, kóòtù òtútù tí mo máa gbé lọ, wọ́n ní kí n wá dúró. Wọn ò mú téèpù. Ọwọ́ ni wọ́n fi wọ̀n mí, àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, láti èjìká kan dé èkejì, wọ́n wá sí apá, wọ́n lọ sí ẹ̀yìn ọrùn. Wọ́n dé ojú mi. Imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, jẹ́jẹ́. Ta ló ń wọn ojú fún kóòtù? Wọ́n ń wò mí ni. Ọwọ́ ló kù tí wọ́n lè fi rí mi, wọ́n ń wò mí kí n tó lọ — èmi sì dúró síbẹ̀, fóònù ń dún lọ́wọ́ mi, mò ń sọ pé, “Màámi, ẹ ṣe kíá, mo níbi tí mò ń lọ.”