Ọrùn Kàmẹ́líà

"Màmá, ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan."

Ìyá Olódòdó kò gbójú sókè. Aṣọ tútù ni ó fi ń nu eruku kúrò lára ewé òdòdó kàmẹ́líà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ọmọdé tuntun náà, ewé tó nípọn, tó ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ọ̀túnla ni wọn yóò ṣí ilé náà. Láti ẹnu géètì dé àtẹ̀gùn, kàmẹ́líà ló tò lọ́tùn-ún, òun náà ló tò lósì, gbogbo wọn ló sì rudi. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń gbin òdòdó sí àgbàlá onílé, ṣùgbọ́n èyí ni iṣẹ́ tó fẹ́ kí ayé fi mọ òun.

"Bó bá jẹ́ kòkòrò ni, pa á."

"Kì í ṣe kòkòrò." Ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, la àtẹ́lẹwọ́. Ìrudi ló kún ibẹ̀, orí wọn ti ń dúdú. "Mo kàn fọwọ́ kan ẹ̀ka lásán ni, wọ́n bá ń já bọ́. Mo wá gbẹ́ ìdí wọn wò. Màmá, ta ló bo ọrùn wọn?"

Ìyá Olódòdó fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbìn wọ́n, ọrùn wọn, ibi tí igi àti gbòǹgbò ti pàdé, yọ díẹ̀ sókè ilẹ̀, bó ti yẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Dókítà tó ni ilé ìwòsàn jáde, ó wo òkìtì kéékèèké tí igi kọ̀ọ̀kan dúró lé, ó sì fajú ro. Ìyá Olódòdó bá da iyẹ̀pẹ̀ kún gbogbo àárín wọn títí ilẹ̀ fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọrùn wọn sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Dókítà ní àwọn òkìtì náà jọ sàréè," ni ó wí.

"Ẹ̀yin náà sì sin wọ́n lóòótọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú ju ọ̀bẹ lọ."

"Ẹnu yín ni mo jogún. Ta ló máa ń sọ pé kàmẹ́líà kì í wọ ẹ̀wù tó bo ọrùn?"

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì bú sẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi kọ́ ọmọ ló fi ń kọ́ yín yẹn o!"

"Bàbá, géètì ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣọ́. Wọn ò ní kí ẹ ṣọ́ ẹnu wa."

Ìyá Olódòdó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Ó tutù rinrin. Èèpo igi náà ti ń rọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Màmá. Àwọn ìrudi tó kù yóò là lọ́jọ́ ìṣíde, àwọn èèyàn yóò ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà, ìdí wọn yóò jẹrà."

"Bí a bá sì gbé wọn sókè?"

"Ìrudi yóò já tán, kò ní sí òdòdó kankan lọ́jọ́ náà. Igi yóò yè."

Ìyá Olódòdó nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìka rẹ̀. Bí àwọn igi náà bá kú nígbà tó bá yá, oòrùn ni wọn yóò dá lẹ́bi. Kò sẹ́ni tí yóò pe orúkọ òun sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ó dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Lọ gbé ṣọ́bìrì. Mo ń lọ bá Dókítà."

"Ṣé kí n bá yín lọ?"

"Èmi ni mo bò wọ́n. Ẹsẹ̀ mi ni yóò gbé mi lọ."

"Ẹ sọ fún un pé ebè gígùn kan ṣoṣo la ó fà láti géètì dé àtẹ̀gùn," ni ọmọ náà ké tẹ̀ lé e, "a ó fi òkúta tẹ́ etí rẹ̀. Kò ní jọ sàréè!"

Dókítà wà láàárín páálí oògùn, ó ń gbé àwòrán erin kan kọ́ sára ògiri.

"Ìyá Olódòdó! Àwọn òdòdó wa ńkọ́?"

"Wọn kò ní là lọ́jọ́ ìṣíde, Dókítà."

Òòlù ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ìyá Olódòdó sọ gbogbo rẹ̀ bó ti rí, kò sì fi iyọ̀ sí i. "Ohun tí ẹ fẹ́ lẹ sọ, ẹ kò jẹ̀bi. Èmi tí mo mọ ohun tí igi náà fẹ́ ni mo dákẹ́. Ọmọ mi ló rí i."

"Mo ti fọ́nnu òdòdó yìí fún gbogbo àlejò. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìṣíde kọjá ná, kí ẹ tó gbé wọn."

"Dókítà, bí wọ́n bá gbé ọmọ tí kò lè mí dáadáa wá bá yín, tí ìyá rẹ̀ ní kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ya fọ́tò ọjọ́ ìbí tán, kí lẹ máa sọ?"

Dókítà rọra gbé òòlù sílẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tipátipá. "Ẹ ti fi tèmi mú mi. Kí ni mo wá fẹ́ sọ fún àwọn àlejò?"

"Ẹ ní àwọn ni aláìsàn àkọ́kọ́ tí ẹ gbà, ara wọn sì ti ń yá."

Ìyá àti ọmọ fi àpò wé gbòǹgbò igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n sì gbé e lé orí ebè. Ìrudi ń já lu òkúta, tó, tó, tó. Bàbá onígéètì ń ṣa wọ́n sínú fìlà rẹ̀, ó ń ṣe "pẹ̀lẹ́" fún wọn. Ìyá Olódòdó kò bojú wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ ìṣíde, ewé nìkan ló wà lórí ebè, tútù yọ̀yọ̀. Àlejò kan dúró, ó yí ojú ká.

"Dókítà, òdòdó tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ dà?"

Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó nawọ́ sí ìdí igi. "Ẹ wo ọrùn rẹ̀. Kàmẹ́líà kì í wọ ẹ̀wù tó bo ọrùn. Aláìsàn wa àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ padà wá wò ó nígbà tó bá là."

Ọmọ náà fi ìgúnpá gún ìyá rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji tí wọ́n dúró sí. "Ẹ gbọ́? Dókítà ti di olódòdó."

"Ta ló gbìn wọ́n?" ni àlejò náà bi Dókítà.

Ìyá Olódòdó kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó jáde sínú oòrùn, ó na ọrùn rẹ̀ sókè.

"Àwa ni," ni ó wí.